Jákà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Gbé

Obìnrin tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ní ti ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí òkun gba ilé rẹ̀ ní ìhà Ayétòrò ló wá sí abúlé wa, òun àti ẹní kan pẹ̀lú abọ́ ńlá kan tó kó aṣọ sí. Èmi náà ò tíì pé ọdún kan tí mo di opó nígbà yẹn. Lémọ́mù ló ní kí n fún un ní yàrá ẹ̀yìn mi títí yóò fi rí ibi dúró sí, torí pé Mùsùlùmí ni, àwa Mùsùlùmí ò sì pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí gbogbo wa bá pé, ìlà méjì ni àwọn ọkùnrin, ìlà kan ni àwa obìnrin, àyè á sì tún ṣẹ́ kù.

Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Èmi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, òun ń pè mí ní ọma ìyé mi, bí a ṣe ń pe ọmọ ìyá ẹni lédè wa. Nígbà tó yá ó rí ilé pákó tirẹ̀, ilé kẹta sí tèmi lórí afárá kan náà. Ọjọ́ tó ń kó lọ, inú mi ò dùn, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjà, mo ní ó ti gbé ṣíbí mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá gbé ṣíbí mi, kí n sì fi jẹun kí n tó gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí, òun náà ò sì kan tèmi. Ẹni tó bá ti wọlé ti wọlé.

Mo bí ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Wọ́ọ̀rì, àbígbẹ̀yìn wà nílé ọkọ rẹ̀ lókè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iwájú mọ́ṣáláṣí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró lábúlé wa, nítorí náà gbogbo ohun tí mo bá bá ọmọ mi sọ, Lémọ́mù ń gbọ́, àwọn tó ń ṣe àlùwàlá náà ń gbọ́. Kí ni ìyá á wá sọ fún ọmọ rẹ̀ lójú àwùjọ ju pé ara òun le? Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo ń sọ èyí tó kù fún.

Ohun tó so wa pọ̀ jù ni sàká. Ó yẹ kí ojú máa tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tì mí mọ́. Lọ́dọọdún, bí ààwẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan máa ń ti ìlú ńlá lókè wá sọ́dọ̀ wa nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Wọ́n á wọ aṣọ pupa tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, wọ́n á di etí ọkọ̀ mú gírígírí, wọ́n á máa ké pe Ọlọ́run bí ìgbì kékeré bá gbá wọn. Wọ́n á kó ìrẹsì àti òróró sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan á ṣí ìwé, á máa ka orúkọ. Tí ó bá kan tèmi, á ní, “Opó, aláìní.” Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mi ò dìde lórí ẹní. Èmi tí bàbá mi ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n márùn-ún, èmi tí ọkọ mi ò jẹ́ kí n tọrọ iná rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tì mí ní ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, “Dìde, ọma ìyé mi. Éè ṣe wo ni ghan ń kà. Ìwé ni ghan ń kà.”

Mo dìde. Ìwé ni wọ́n ń kà lóòótọ́, kì í ṣe èmi. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbà. Ó ní gbígbà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: má sáré, má fi ojú wá èyí tó tóbi, má ṣe àdúrà tó gùn ju ohun tí wọ́n fún ọ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, tí wọ́n ní ká gbé ìrẹsì sí àyà, èmi máa ń gbé tèmi sókè títí á fi bo imú mi. Ọmọ tó ń ya fọ́tò á ní, “Màmá, ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á yọ gbogbo eyín tó ṣẹ́ kù. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìrẹsì àwọn ará òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí eyín tó máa fi jẹ ẹ́. A ó máa rẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ọdún mọ́kànlá ni a fi gba sàká lórí ẹní kan náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí mọ́kànlá yẹn ń parí lọ ni ẹgbẹ́ yẹn yí ọwọ́ padà. Wọ́n ní àwọn ti jókòó, àwọn ti rò ó, pé bí àwọn bá ń fún èèyàn lóúnjẹ lọ́dọọdún, ọdọọdún náà lebi á máa pa á. Wọ́n ní iṣẹ́ ni àwọn máa fi sàká ṣe báyìí, ìrẹsì á wà fún kìkì ẹni tí kò tíì lè dá dúró. Àwọn máa gbé ààrò onírin tí a fi ń yan ẹja kalẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan á máa bójú tó o, àwọn á máa ra ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá tó mọ́, wọ́n á tà á lókè. Tí obìnrin yẹn bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, òun náà á di ẹni tó ń yọ sàká. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Títí di òní, mi ò rí ohun tí mo lè fi bú u.

Ààrò náà dé, ó ní táyà mẹ́rin. Ẹni tó ṣe é rò pé a ó máa tì í kiri. Lábúlé tó jẹ́ pé orí òpó ni gbogbo ilé dúró sí, tí pákó tí a ń gbà kọjá ò fẹ̀ ju ìdí obìnrin tó sanra lọ, ibo la fẹ́ tì í gbà? Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e sókè láti inú ọkọ̀. Táyà yẹn ò tẹ ilẹ̀ rí, àwọn ọmọ abúlé ló ń fọwọ́ yí i ṣeré.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ̀rọ̀ kọjá ibi tó yẹ kí n dúró. Kí ààrò tó dé, wọ́n ní kí Lémọ́mù yan obìnrin kan. Ó pe àwa méjèèjì lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó ní àwa la jẹ́ aláìní jù, kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹnì kan nínú wa. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Fún un. Àyà rẹ̀ le ju tèmi lọ. Èéfín éè bá ojú mi mu.”

Irọ́ ló ń pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo rí i tó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìlá a lẹ́nu. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé mo mọ̀. Mo ti rò ó lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n fún òun. Mo rò ó, mi ò sọ ọ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo ní kí Ọlọ́run san án fún un, Lémọ́mù sì kọ orúkọ mi.

Iṣẹ́ gbà mí. Àárọ̀ ni àwọn apẹja ń gbé ṣawá dé, mo gbọ́dọ̀ ti kó igi ẹ̀gbà jọ láti etí omi, kí n ti fọ ẹja, kí n ti tò ó sórí àwọ̀n irin kí oòrùn tó mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá bá mi yí ẹja padà. Èmi á fún un ní díẹ̀ tó bá ń lọ. Mi ò kíyè sí ìgbà tí wíwá rẹ̀ ń dín kù. Mo ní ọwọ́ mi ti dí. Bí èèyàn bá ní ọwọ́ òun dí, òótọ́ ló máa ń sọ, ibẹ̀ sì ni aburú rẹ̀ wà.

Ọdún kẹta tí ààrò dé, ọmọbìnrin kan tó ń ṣojú ẹgbẹ́ náà wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó bi mí ní ìbéèrè. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Màmá, a ti yọ orúkọ yín kúrò nínú àwọn tó ń gbà. Ẹ ti kúrò níbẹ̀.” Inú mi dùn. Bí mo ṣe tó yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn, wọ́n ka ìwé tán, kò sí “opó, aláìní” tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan láàárín àwọn tó wá wòran. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló jókòó sórí ẹní. Mo rí i. Mo kàn sọ fún ara mi pé èmi náà ṣì máa ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tí kò bá mọ jákà, òun ni oúnjẹ tí Mùsùlùmí tó bá ní àjẹṣẹ́kù ń yọ fún aláìní kó tó kírun ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹrin fún orí kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń fi ìrẹsì yọ ọ́, garí ni tiwa. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò yọ ọ́ rí. Gbígbà ni mo ń gbà á. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè, mo sì ti gbọ́ wáàsí lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi jẹ́ pé ó ti ń dùn mí bí egbò. Mo fẹ́ kí ọwọ́ tèmi náà lọ sókè kí n tó kú. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mahintedo, mo ra garí tó funfun, tó gbẹ, tí kò ní yanrìn.

Lábúlé wa, a kì í gbé jákà fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Torí pé a ò pọ̀, tí gbogbo ojú sì mọ ojú, inú abọ́ ńlá kan ní mọ́ṣáláṣí ni kálukú ń da tirẹ̀ sí. Lémọ́mù á po ó pọ̀, á bù ú fún àwọn tó tọ́ sí, ẹni tó gbà á ò ní mọ ọwọ́ tó ti wá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá Lémọ́mù, mo ní tèmi ti ọdún yìí, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé e fún ẹni tó tọ́ sí.

Ó ní, “Ta ni?”

Mo sọ fún un. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n tún un rò.”

Mo ní mo ti rò ó. Ohun tí mo rò nìyí: màá gbé garí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á wo bí ó ṣe mọ, á ní ọwọ́ mi ti kéré láti ìgbà tí mo ti lówó, a ó rẹ́rìn-ín, a ó lọ kírun, a ó padà wá jẹun. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn fún mi. Èyí tí mi ò sọ fún Lémọ́mù ni pé mo fẹ́ kí wọ́n rí mi. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń rí mi tí mò ń gbà.

Àárọ̀ ọdún, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun, mo bu garí sínú abọ́ aláwọ̀ ewé, mo fi aṣọ ìnujú funfun bò ó. Mo rìn lórí pákó. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ onísùtánà kí mi kú ọdún, wọ́n bi mí ibi tí mò ń lọ, mo sì dúró, mo sọ fún wọn. Kí ló dé tí mo dúró? Ilé kẹta ni, kò tó ìṣísẹ̀ ogójì.

Àwọn obìnrin asàlátù méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń dúró dè é kí wọ́n lè jọ wọ ọkọ̀ lọ sí yídì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dúró níta ilé yẹn. Mo pè é. Ó jáde, ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tán, ó ń fi ìbòrí wé orí.

Mo gbé abọ́ náà síwájú. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ghá gba jákà mi.”

Ó wo abọ́. Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ara aṣọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì lórí pákó, níwájú mi, èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó gba abọ́ náà, ó sì fi èdè tí a fi ń bá àwọn ará òkè sọ̀rọ̀ dá mi lóhùn, kì í ṣe tiwa. Ó ní, “Ẹ ṣé o, Alhája. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Kò ní sọ yín di ẹni tó ń tọrọ.”

Mo rò pé àwàdà ni. Mò ń wo ẹnu rẹ̀, mò ń dúró de ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó bínú ni, ì bá dára, mo mọ bí a ṣe ń bá a parí ìjà. Kò bínú. Ó gba garí bí ó ṣe kọ́ mi pé ká máa gbà á: kò sáré, kò fi ojú wá èyí tó tóbi, àdúrà rẹ̀ ò sì gùn ju ohun tí mo fún un lọ. Mo ní, “Dìde, ẹ̀gbọ́n, dìde.” Ó di férémù ilẹ̀kùn mú kó tó lè dìde, torí orúnkún rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì yẹn ní kí Ọlọ́run gbà á. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dá wọn lóhùn pé àmín.

Nínú ọkọ̀, ó jókòó níwájú, ẹ̀yìn ni mo wà. Tí a bá kírun tán, ọ̀dọ̀ mi la ti máa ń jẹun ọdún. Mo se oúnjẹ, mo bò ó, mo dúró. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán gangan, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun kí mi kú ọdún, pé ó rẹ òun. Mo jẹ díẹ̀. Mo gbé èyí tó kù fún àwọn ọmọ àdúgbò.

Kò bá mi jà, ẹ má ṣì í gbọ́. Tí mo bá kọjá, á kí mi, á sì kí mi dáadáa. Á béèrè iṣẹ́, á béèrè àwọn ọmọ. Alhája ló ń pè mí, èmi tí mi ò rí Mẹ́kà lójú àlá rí. Tó bá wá sọ́dọ̀ mi, á kan ilẹ̀kùn. Tí mo bá fún un ní ẹja, á dúpẹ́ lónìí, á tún padà wá dúpẹ́ lọ́la. Mo lọ bá Lémọ́mù, mo ṣàlàyé. Ó ní mi ò dẹ́ṣẹ̀, pé jákà mi ti gbà. Mo ní mi ò bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní kí n ṣe sùúrù.

Mo tilẹ̀ sọ fún un pé kó wá gba ààrò, ká jọ máa yan ẹja, kó jẹ́ tàwa méjèèjì. Ó ní ojú òun ò jẹ́. Òótọ́ sì ni báyìí. Nǹkan funfun ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀ ọ̀tún. Irọ́ tó fi ràn mí lọ́wọ́ ti di àìsàn sí i lára. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́kàn ara mi pé òun ló kọ́kọ́ fún mi ní sàká tó tóbi jù tí mo gbà láyé, kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sí erékùṣù. Tí mo bá ti kó ẹja kúrò lórí iná, tí mo fọwọ́, kò sí ẹni tí mo lè sọ ìsọkúsọ fún. Mo máa ń lọ síwájú mọ́ṣáláṣí láti pe àwọn ọmọ, màá ní ara mi le.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kí n lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Iyọ̀ ni mo yàn, torí iyọ̀ ò wọ́n ẹnikẹ́ni. Mo ní iyọ̀ nílé. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bù mí ní iyọ̀ díẹ̀.”

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ti pẹ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn. Ó yára wọlé, ó gbé odidi ọ̀rá iyọ̀ kan jáde, èyí tí kò tíì tú. Ó ní, “Ẹ gbà, Alhája. Ẹ má dá a padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí mo máa fún yín.”

Mo kúnlẹ̀ láti gbà á. Ó di apá mi mú, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún lórí pákó. Ó ní, “Ẹ dìde, Alhája, ẹ dìde, kí àwọn èèyàn má baà rí yín.”

Mo dìde. Mo gba iyọ̀, mo dúpẹ́, mo yí padà sí ilé mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi wọlé, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò.